"Permission denied": Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Fáìlì Yín Padà Lórí Ubuntu Láì Lo 777

Ẹ tẹ fáìlì tí ẹ fúnra yín kọ, kọ̀ǹpútà ní ẹ kò láṣẹ láti ṣí i. Ẹ ní kí ẹ pa á rẹ́, ó tún kọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan, onítọ̀hún ní kí ẹ kọ `sudo chmod -R 777`, èyí tó ń fún gbogbo èèyàn láṣẹ láti ka fáìlì, láti kọ sínú rẹ̀ àti láti ṣe é bí ètò. Fáìlì ṣí lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó yá, nǹkan mìíràn tí kò ní wàhálà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá yín dúró. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń yí ìyọ̀ǹda padà kí wọ́n tó mọ ẹni tí fáìlì wà lórúkọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa tún un ṣe.

Ubuntu àti Linux Mint ni mo ń bá wí níbí, àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé sórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí Windows ti wúwo jù fún.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Àkáǹtì tó lè lo `sudo` (kọ́máńdì tó ń jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ bí ọ̀gá kọ̀ǹpútà), àti pásíwọọ̀dù rẹ̀. Ẹ kọ `groups`; tí `sudo` kò bá sí nínú ohun tó gbé jáde, ẹni tó gbé Ubuntu sórí kọ̀ǹpútà náà ni kí ẹ pè.
- Tẹ́mínà, ibi tí a ti ń kọ kọ́máńdì. Ctrl+Alt+T ló ń ṣí i.
- Flash tàbí dísíìkì mìíràn tó láyè, fún ẹ̀dà àwọn fáìlì tí ẹ kò lè pàdánù.
- Irinṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ `acl`. `sudo apt install acl` máa gbé e wọlé tí kò bá tíì sí.
- Iná tó dúró. Tí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín bá ti kú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí fáìlì ẹgbẹẹgbẹ̀rún nígbà tí ẹ kò mọ ìgbà tí wọ́n máa mú iná lọ.

Nínú àpẹẹrẹ, `sade` ni mo pe ẹni tó ni kọ̀ǹpútà, `kunle` sì ni ẹnì kejì tó ń lò ó. Ẹ fi orúkọ tiyín rọ́pò wọn. Àmì `~` dúró fún fódà tiyín lórí kọ̀ǹpútà, bíi `/home/sade`; òun ni mo ń pè ní ilé yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo ohun tó dí yín lọ́nà

```
id
ls -ln ~/Documents
```

`id` máa sọ nọ́ńbà yín. Lórí Ubuntu, ẹni àkọ́kọ́ tó ní àkáǹtì ló máa ń gba 1000, ẹni tó tẹ̀ lé e gba 1001. Nọ́ńbà yìí ni dísíìkì ń kọ sílẹ̀, kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní `-ln` dípò `-l` tí gbogbo èèyàn mọ̀: `-l` máa fi orúkọ bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀, orúkọ yẹn sì lè tàn yín jẹ tí dísíìkì bá ti ara kọ̀ǹpútà mìíràn wá.

Ohun tí ẹ máa rí máa jọ èyí:

```
-rw-r--r-- 1 1000 1000 48213 Mar  4 10:12 isuna.ods
-rw------- 1    0    0 20110 Mar  9 21:40 leta.odt
```

Tiyín ni ti òkè. Ti ìsàlẹ̀ wà lọ́wọ́ 0, ìyẹn root, ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè kà á.

Lẹ́tà mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé àmì àkọ́kọ́, mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ máa kà wọ́n: mẹ́ta fún ẹni tó ni fáìlì, mẹ́ta fún ẹgbẹ́ tí fáìlì wà nínú rẹ̀, mẹ́ta fún gbogbo èèyàn yòókù. `r` ni kíkà, ó jẹ́ 4. `w` ni kíkọ, ó jẹ́ 2. `x` ni ṣíṣe é bí ètò, ó jẹ́ 1. Ẹ ro wọ́n pọ̀: `rw-r--r--` jẹ́ 644.

Lórí fódà, ìtumọ̀ wọn yí padà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. `r` lórí fódà ń jẹ́ kí ẹ rí orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. `x` ló ń jẹ́ kí ẹ wọ inú rẹ̀. `w` pẹ̀lú `x` ló ń jẹ́ kí ẹ fi nǹkan kún un tàbí kí ẹ yọ nǹkan kúrò. Nítorí náà, tí fáìlì kan bá kọ̀ tí kò ṣeé pa rẹ́, ẹ yẹ fódà tó wà nínú rẹ̀ wò. Ìyọ̀ǹda fáìlì fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú pípa rẹ́.

Ẹ wá tọpasẹ̀ ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀:

```
namei -l ~/Documents/leta.odt
```

Ó máa to gbogbo fódà tó wà lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹni tó ni í àti ìyọ̀ǹda rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá lè wà lọ́wọ́ yín kí géètì ìta ṣì tì. Bí fódà kan ṣoṣo lójú ọ̀nà kò bá fún yín ní `x`, ẹ kò lè dé ibi fáìlì, kódà kó jẹ́ 777. Kọ́máńdì yìí ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn ń kọ́, ó sì yà mí lẹ́nu pé ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ ọ́n.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú mẹ́ta yìí kí ẹ tó lọ síwájú. Nọ́ńbà tó wà lórí fáìlì tàbí fódà kì í ṣe tiyín: ìgbésẹ̀ 3. Nọ́ńbà jẹ́ tiyín àmọ́ lẹ́tà kò pé: ìgbésẹ̀ 4. Méjèèjì dára, síbẹ̀ ó kọ̀: ìgbésẹ̀ 5.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀

```
sudo getfacl -R /home/sade/Documents > ~/iyonda-tele.txt
```

Tó bá sọ pé "Removing leading '/' from absolute path names", ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe àṣìṣe. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ gbọ́dọ̀ dúró sí `/` kí ẹ tó pè é:

```
cd /
sudo setfacl --restore=/home/sade/iyonda-tele.txt
```

Ẹ kíyè sí i pé ìyọ̀ǹda àti ẹni tó ni fáìlì nìkan ló tọ́jú, kò tọ́jú ohun tó wà nínú fáìlì. Fáìlì tí ẹ kò lè pàdánù, ẹ da ẹ̀dà rẹ̀ sórí flash.

*Àyẹ̀wò:* `head ~/iyonda-tele.txt` gbọ́dọ̀ fi `# file:`, `# owner:` àti `# group:` hàn. Tí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ẹ má tíì tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gba fáìlì padà sórúkọ yín

*Tó bá jẹ́ root ló gbà á.* Ẹ ti lo `sudo` níbi tí kò yẹ nìyẹn: ẹ fi `sudo` gba fáìlì wálẹ̀, tàbí ẹ ṣí ètò ìkọ̀wé pẹ̀lú `sudo` tí ẹ sì tọ́jú ohun tí ẹ kọ sínú fódà yín. Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe pọ̀ tó:

```
sudo find ~ -xdev -not -user "$USER" -ls
```

Ẹ ka ohun tó gbé jáde dáadáa, ẹ má kàn sáré kọjá. Tí ẹ bá ń lo Docker tàbí Podman, ẹ lè rí àwọn nọ́ńbà bíi 999 tàbí 100000 lọ sókè, pàápàá nínú `~/.local/share/containers`. Bó ṣe yẹ kí wọ́n wà nìyẹn. Tí ẹ bá sọ wọ́n di tiyín, àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn máa dáwọ́ dúró.

Tó bá jẹ́ fódà kan ṣoṣo ni ìṣòro wà:

```
sudo chown -R "$USER": ~/Documents
```

Àmì `:` tó wà lẹ́yìn orúkọ ní iṣẹ́ tó ń ṣe: òun ló ń dá ẹgbẹ́ fáìlì padà sí tiyín pẹ̀lú. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, fáìlì á di tiyín, àmọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣì jẹ́ ti root.

Tí fáìlì root bá fọ́n káàkiri ilé yín, tí ẹ sì ti rí i pé kò sí èyí tó yẹ kó wà bẹ́ẹ̀:

```
sudo find ~ -xdev -user root -exec chown -h "$USER": {} +
```

Ìkìlọ̀ mẹ́ta wà níbí, mo sì ti rí ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá lóró. Èkíní, ẹ wo àlàfo. `sudo chown -R sade /home/sade` dára. `sudo chown -R sade / home/sade` á bẹ̀rẹ̀ láti orí `/`, á sì gba gbogbo kọ̀ǹpútà lọ. `rm` máa ń kọ̀ láti pa `/` rẹ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n `chown` àti `chmod` kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀ àfi tí ẹ bá fi `--preserve-root` sí i. Èkejì, ẹ má ṣe kọ `.*` láti fi mú àwọn fáìlì tó fara pamọ́. Lórí bash tó ti pẹ́, `..` wà lára ohun tí `.*` ń mú, ìyẹn fódà tó wà lókè yín, àti ilé àwọn ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe é nínú `sudo -i`. Níbẹ̀, `$USER` ti di root, root ni ẹ sì máa tún fi gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Tí ìlà tẹ́mínà yín bá parí sí `#` dípò `$`, ẹ kọ `exit` kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

*Tó bá jẹ́ dísíìkì láti ara kọ̀ǹpútà àtijọ́.* Ẹ ti yọ dísíìkì láptọ́ọ̀pù tó kú, ẹ so ó mọ́ tuntun, gbogbo fótò wà níbẹ̀ àmọ́ ẹ kò lè ṣí wọn. `ls -ln` lè sọ pé 1001 ló ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ 1000 ni yín níbi tuntun. Àwọn kan máa ń yí ti orí dísíìkì àtijọ́ padà lójú ẹsẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn: ẹ fi dísíìkì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀dà ni kí ẹ gbà.

```
sudo cp -r --preserve=timestamps /media/sade/ATIJO/home/sade/Pictures ~/Pictures/ti-atijo
sudo chown -R "$USER": ~/Pictures/ti-atijo
```

Bí dísíìkì bá ṣe ń jẹ́ ni ẹ máa fi rọ́pò `ATIJO`. Tí ẹ bá sì rí i pé ohun tó wà nínú ilé àtijọ́ náà kò ju `README.txt` àti `Access-Your-Private-Data.desktop` lọ, ẹ fi `chown` sílẹ̀. Wọ́n ti tì ilé náà pa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí, bí àwọn Ubuntu àtijọ́ ṣe máa ń jẹ́ kéèyàn ṣe é. `sudo ecryptfs-recover-private` láti inú àpò `ecryptfs-utils` ni ẹ nílò, pẹ̀lú pásíwọọ̀dù tí ẹ ń lò nígbà yẹn.

*Àyẹ̀wò:* `find ~/Documents -not -user "$USER"` kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan jáde. Ẹ ṣí fáìlì kan, ẹ yí nǹkan kékeré padà nínú rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀. Tó bá ṣí tó sì gbà yín láyè láti kọ, ó parí, ẹ kò nílò ìgbésẹ̀ 4.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tún ìyọ̀ǹda ṣe

Tí lẹ́tà bá dín, ẹ kò nílò ju èyí lọ:

```
chmod -R u+rwX ~/Documents
```

Ẹ rí i pé kò sí `sudo` níbẹ̀. Tí fáìlì bá jẹ́ tiyín, ẹ lè yí ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà fúnra yín. Tí kọ̀ǹpútà bá ní àfi kí ẹ lo `sudo`, fáìlì yẹn kò tíì di tiyín, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3. `X` ńlá ni mo kọ, kì í ṣe kékeré. Ti ńlá ń fún fódà ní `x`, ó sì ń fi fáìlì lásán sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí ẹ bá kọ ti kékeré, gbogbo fótò àti lẹ́tà yín á di ètò tó ṣeé ṣe.

Àmọ́ tí ẹnì kan bá ti lo 777 lórí fódà náà, `X` kò lè gbà yín, nítorí gbogbo fáìlì ti ní `x` tẹ́lẹ̀. Ẹ ya fódà àti fáìlì sọ́tọ̀:

```
find ~/Documents -type d -exec chmod 755 {} \;
find ~/Documents -type f -exec chmod 644 {} +
```

Ẹ má ṣe kọ èyí lórí odindi ilé yín. Ètò tí ẹ gbà sínú `~/.local/bin`, AppImage, gbogbo wọn nílò `x` tiwọn, `~/.ssh`, fódà kọ́kọ́rọ́ tí SSH fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè, sì ní òfin tirẹ̀. Fódà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa mú. Ti `.ssh` nìyí:

```
chmod 700 ~/.ssh
chmod 600 ~/.ssh/id_ed25519
```

Tí ẹ bá ti ń rí "UNPROTECTED PRIVATE KEY FILE!", ìlà kejì yẹn ni oògùn rẹ̀. SSH kì í gba kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ẹlòmíràn lè kà.

Ilé yín fúnra rẹ̀, `chmod 750 ~` tó. Láti Ubuntu 21.04 ni wọ́n ti ń ṣí ilé tuntun bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti lo 777 tàbí `chown -R` lórí `/` tàbí `/usr` ńkọ́? Ẹ máa mọ̀ nígbà tí `sudo` bá sọ pé "must be owned by uid 0 and have the setuid bit set". Ìmọ̀ràn mi kò gùn: ẹ má jókòó tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi flash Ubuntu tan kọ̀ǹpútà, ẹ da fáìlì yín kúrò, ẹ tún Ubuntu gbé sórí rẹ̀. Ẹ máa ti parí kí ẹni tó ń wá fáìlì kọ̀ọ̀kan tó dé ìdajì.

*Àyẹ̀wò:* `stat -c '%U %a %n' ~/Documents/*`. Fódà gbọ́dọ̀ jẹ́ 755, fáìlì 644, orúkọ yín sì gbọ́dọ̀ wà níwájú gbogbo wọn.

Ìgbésẹ̀ 5: Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dára tó ṣì kọ̀

Ẹ fi `cat` ka fáìlì náà nínú tẹ́mínà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Tí `cat` bá kà á tí ètò tí ẹ ń lò sì kọ̀, ètò yẹn ni wọ́n há mọ́. Firefox tó wá gẹ́gẹ́ bíi Snap, fún àpẹẹrẹ, kò lè wọ fódà tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró nínú ilé yín. `snap connections firefox` máa fi ibi tó lè dé hàn. Tó bá jẹ́ pé flash ni kò lè dé, ẹ kọ `sudo snap connect firefox:removable-media`.

Tí `cat` pẹ̀lú bá kọ̀, tàbí tí ẹ kò bá lè kọ nǹkan síbẹ̀:

```
findmnt -T /media/sade/FLASH -o TARGET,FSTYPE,OPTIONS
```

Tí `FSTYPE` bá jẹ́ `vfat`, `exfat`, `ntfs3` tàbí `fuseblk`, ọ̀nà tí Windows ń gbà kọ nǹkan ni wọ́n fi ṣe dísíìkì náà. `chown` àti `chmod` kò wúlò lórí rẹ̀, bó ti wù kí ẹ kọ wọ́n tó, nítorí ìgbà tí ẹ bá so dísíìkì mọ́ra ni Linux ń pín ìyọ̀ǹda fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un so láti inú àkáǹtì yín, kó lè wà lórúkọ yín.

Tí `OPTIONS` bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `ro`, kíkà nìkan ni wọ́n gbà láyè. Lórí dísíìkì Windows, Fast Startup ló sábà máa ń fa èyí: Windows kò kú tán, ó kàn sùn. Ẹ wọ Windows, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, ẹ kọ `powercfg /h off`, kí ẹ wá pa á. Lórí `ext4`, `ro` lójijì túmọ̀ sí pé Linux ti rí àṣìṣe lórí dísíìkì, pàápàá lẹ́yìn tí iná bá ti lọ lójijì. Ẹ da fáìlì kúrò lórí rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi `lsblk -f` wá orúkọ rẹ̀ gan-an, kí ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò:

```
sudo umount /dev/sdb1
sudo fsck -f /dev/sdb1
```

Ẹ má ṣe kọ `fsck` lórí dísíìkì tó ṣì so mọ́ra. Bàjẹ́ ló máa bà á.

Ohun kan ṣẹ́kù tó ṣọ̀wọ́n: `lsattr leta.odt`. Tí `i` bá wà láàárín àmì dáàṣì, wọ́n ti tì fáìlì náà, kódà root kò lè fọwọ́ kàn án. `sudo chattr -i leta.odt` ló ń tú u.

*Àyẹ̀wò:* `touch /media/sade/FLASH/idanwo && rm /media/sade/FLASH/idanwo`. Tí kò bá sọ nǹkan kan, ó ti gbà.

Ìgbésẹ̀ 6: Tí kọ̀ǹpútà bá ń dá yín padà síbi pásíwọọ̀dù

Pásíwọọ̀dù tọ̀nà, ojú dúdú díẹ̀, ó tún dá yín padà. Ẹ tẹ Ctrl+Alt+F3. Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù kan ẹ gbọ́dọ̀ fi Fn kún un. Ẹ wọlé níbẹ̀, kí ẹ wo:

```
df -h ~
ls -ld ~ ~/.Xauthority ~/.ICEauthority ~/.config ~/.cache
```

Tí `df` bá ní 100%, dísíìkì ló kún, kò kan ìyọ̀ǹda rárá. Tí root bá wà lórí èyíkéyìí nínú àwọn yòókù, `.Xauthority` lórí Mint pàápàá, ẹ fi `sudo chown -R "$USER":` dá a padà bíi ti ìgbésẹ̀ 3. Ctrl+Alt+F1 máa gbé yín padà lórí Ubuntu, Ctrl+Alt+F7 lórí Mint. Láti ìgbà yẹn lọ, tí ẹ bá fẹ́ tún fáìlì ètò kọ̀ǹpútà ṣe, `sudoedit` ni kí ẹ lò dípò kí ẹ máa fi `sudo` ṣí ètò olójú.

Ìgbésẹ̀ 7: Fódà kan fún gbogbo ará ilé

Ọ̀pọ̀ ló ń sá di 777 nítorí pé tọkọtaya tàbí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ ni kí ẹ dá sílẹ̀:

```
sudo groupadd ebi
sudo usermod -aG ebi sade
sudo usermod -aG ebi kunle
sudo mkdir /srv/ebi
sudo chgrp ebi /srv/ebi
sudo chmod 2770 /srv/ebi
sudo setfacl -d -m g::rwx /srv/ebi
```

Ẹ má gbàgbé `a` nínú `-aG`. Láìsí i, `usermod` máa yọ yín kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ wà tẹ́lẹ̀, `sudo` wà lára wọn, ẹ kò sì ní lè lo `sudo` láti tún un ṣe. `2` tó ṣáájú 770 ló ń mú kí fáìlì tuntun wọ ẹgbẹ́ `ebi` fúnra rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ló ń jẹ́ kí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì méjèèjì, ẹ tún wọlé, nítorí kọ̀ǹpútà kì í mọ̀ pé ẹ ti wọ ẹgbẹ́ tuntun títí ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa da ẹ̀dà fáìlì síbẹ̀ ni, ẹ má ṣe gbé e. Fáìlì tí ẹ bá fi `mv` gbé láti ibòmíràn lórí dísíìkì kan náà máa wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ àti ìyọ̀ǹda rẹ̀ àtijọ́.

*Àyẹ̀wò:* kí Kúnlé ṣẹ̀dá fáìlì kan nínú `/srv/ebi`, kí Ṣadé wá fi `ls -l` wò ó. Ó yẹ kó rí `-rw-rw----` pẹ̀lú `kunle ebi`. Kó ṣí i, kó fi ìlà kan kún un, kó tọ́jú rẹ̀. Tó bá rí `sade sade` tàbí `kunle kunle` níbẹ̀, ẹ kọ `ls -ld /srv/ebi`: tí `s` kò bá sí ní ibi `x` ẹgbẹ́, ìlà `chmod 2770` ni ẹ fò.